Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ní yáàdì, ó dàrú nídìí iná: ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ panápaná kan

Ẹgbẹ́ kékeré kan ni. Gbogbo wọn ló yọ̀ǹda ara wọn, kò sẹ́ni tó ń gbowó oṣù níbẹ̀, oníkálukú ló níṣẹ́ tó ń ṣe lójúmọ́, alẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń pàdé ṣe tiréníìnì. Ọkọ̀ kan, pọ́ǹpù kan, táńkì omi tó wà lórí ọkọ̀ náà, hóòsì díẹ̀, sílíńdà atẹ́gùn tó máa tó èèyàn mẹ́fà. Tẹ́ ẹ bá dé yáàdì wọn lálẹ́ ọjọ́ tiréníìnì, ẹ máa kan sáárá sí wọn ni, torí nǹkan tí wọ́n ń ṣe mọ́ lójú. Ẹni tó ń wọ máàsìkì ń wọ̀ ọ́ tán láàárín ìṣẹ́jú kan, àwọn tó ń na hóòsì ń nà án gbọọrọ, àwọn tó ń gbé àkàbà ò fi gbá ara wọn lórí. Wọ́n tiẹ̀ ní ìwé ńlá kan tí wọ́n ti ń máàkì rẹ̀, gbogbo orúkọ tó wà níbẹ̀ ló ti gba àmì pé ó mọ̀ ọ́n.

Iná wá sọ lóru ọjọ́ kan. Ilé ilẹ̀ ni, kíṣìnnì ló ti bẹ̀rẹ̀, àwọn onílé ti sá jáde, kò ku ẹnikẹ́ni sínú ilé. Irú iná tó yẹ kí wọ́n pa kó tó kúrò ní kíṣìnnì ni, wọ́n sì tètè débẹ̀.

Èmi ò sí níbẹ̀ lóru yẹn, lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí pé kí n wá bá wọn wo ọ̀rọ̀ náà, mo sì bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, torí tẹ́ ẹ bá kó panápaná jọ síbì kan kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ròyìn, ẹni tóhùn ẹ̀ bá ga jù ni ìròyìn ẹ̀ máa di ti gbogbo wọn. Ohun tí mo rí kó jọ nìyí. Ẹni àkọ́kọ́ já hóòsì kúrò lórí ọkọ̀, ó kó gbogbo ẹ̀ lọ síwájú ilẹ̀kùn, ó dà á jọ gègèrè síbẹ̀. Ó ti so máàsìkì mọ́ sílíńdà látìgbà tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ìyẹn ni pé atẹ́gùn inú sílíńdà ló ti ń mí kó tó dé ẹnu ọ̀nà rárá. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn gbàgà, wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá pariwo pé kí wọ́n ṣí omi. Wọ́n ṣí omi. Hóòsì tó wà lókìtì yẹn wú, ó ká síbí ó ká sọ́hùn-ún, èyí tó dé ẹnu hóòsì nínú omi ọ̀hún ń jáde ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀. Àwọn méjì tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ti bá a rọ́ wọ ẹnu ọ̀nà torí wọ́n fẹ́ rí iná, kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn wo hóòsì. Ó fi wọ́kítọ́kì pe ẹni tó wà nídìí pọ́ǹpù pé omi ò dé o, ẹni yẹn ò gbọ́ ohun tó ń sọ látinú máàsìkì, ó ṣáà gbọ́ ariwo, ó bá fi kún agbára pọ́ǹpù. Hóòsì le gan-in níwájú ibi tó ti ká, lẹ́yìn ibi tó ti ká, ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀ náà ni. Orí èyí ni wọ́n wà tí áláàmù sílíńdà ẹni àkọ́kọ́, èyí tó máa ń dún tí atẹ́gùn bá fẹ́ tán, fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ẹni tí kò tíì wọlé o! Òfin wọn ni pé tó bá ti dún, ẹ jáde, ó sì bọ́ sẹ́yìn bó ṣe yẹ. Kí wọ́n tó fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀, iná ti gun àjà, ó ti mú òrùlé.

Kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó jóná, èjìká ẹnì kan ló fi díẹ̀ yẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé onílé lọ.

Ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n dá ni pé irinṣẹ́ ló burú. Wọ́n ní pọ́ǹpù ti gbó, wọ́n ní ẹnu hóòsì yẹn ò dáa mọ́, wọ́n fẹ́ẹ́ ra òmíì. A gbé pọ́ǹpù náà sórí ìdánwò, a na hóòsì tó gùn tó ti ọjọ́ yẹn láì jẹ́ kó ká, omi jáde bó ṣe yẹ kó jáde. Ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ parí síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ní kí wọ́n ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ inú yàrá, wọ́n gbé prọ́jẹ́kítọ̀ wá, wọ́n fi àwòrán hóòsì tó ká hàn wọ́n, wọ́n sọ pé ká má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Gbogbo wọn mirí. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kò ní ràn wọ́n lọ́wọ́, torí kò sí ìkankan nínú wọn tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé hóòsì ò gbọ́dọ̀ ká. Ohun téèyàn mọ̀ lórí àga, ọwọ́ lè má mọ̀ ọ́n lóru.

Àwọn ọ̀dọ́ inú wọn wá mú àbá kẹta wá, wọ́n ní ilé àpatì kan wà, ká dáná sí i ká fi kọ́ṣẹ́. Mo ní rárá, mi ò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ ìtàn tó wà nídìí ẹ̀. Lọ́dún 1982, panápaná méjì kú sínú iná tiréníìnì ní Boulder, ní ìpínlẹ̀ Colorado l'Amẹ́ríkà, ó sì wà lára ohun tó bí ìlànà NFPA 1403 (NFPA ni àjọ tó ń gbé ìlànà ààbò iná kalẹ̀ l'Amẹ́ríkà) tó jáde lọ́dún 1986, tó sọ bó ṣe yẹ kí wọ́n máa fi iná gidi kọ́ṣẹ́. Pẹ̀lú ìlànà yẹn náà, lọ́dún 2001, ní Lairdsville, ní ìpínlẹ̀ New York, ọmọ tuntun kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ni wọ́n ní kó lọ ṣe bí ẹni tó há sínú ilé tí wọ́n fẹ́ẹ́ dáná sí, ọmọ yẹn ò tíì wọ sílíńdà wọ inú iná rí, ó kú síbẹ̀, wọ́n sì gbé ọ̀gá tó darí tiréníìnì náà lọ sílé ẹjọ́, wọ́n dá a lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ ìlànà ti sọ ọ́ pé èèyàn alààyè ò gbọ́dọ̀ ṣe ẹni tí wọ́n fẹ́ẹ́ yọ nínú iná tiréníìnì. Ẹgbẹ́ tí kò tíì lè fi omi dé ẹnu ọ̀nà láìsí iná, kí ni wọ́n fẹ́ẹ́ fi iná kọ́?

Ohun tí mo ní ká ṣe ò dùn mọ́ wọn nínú. Mo ní kí wọ́n tún ti ọjọ́ yẹn ṣe bó ṣe rí gan-an, lóru, pẹ̀lú gbogbo aṣọ iná lára, pọ́ǹpù kó máa dún, ẹnì kan kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó máa fi fóònù ká a sílẹ̀. Wọ́n ṣe é. Ó bàjẹ́ bó ṣe bàjẹ́ lọ́jọ́ kìíní, àní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ burú jùyẹn lọ. A jókòó wo fídíò náà, ẹnì kan nínú wọn, obìnrin kan tí wọ́n máa ń ní kó máa kọ orúkọ àti àkókò sílẹ̀, òun ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wo ọwọ́ wọn." Gbogbo wọn ló ti bọ́ ìbọ̀wọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan. Ẹni tó ń de okùn máàsìkì bọ́ tiẹ̀, ẹni tó ń so hóòsì bọ́ tiẹ̀, ẹni tó fẹ́ẹ́ tẹ wọ́kítọ́kì fi eyín fa tiẹ̀ yọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní yáàdì láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn, ọwọ́ lásán. Ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi ń wọ máàsìkì nínú ìwé wọn yẹn, ìṣẹ́jú kan ọwọ́ lásán ni, nígbà tá a ní kí wọ́n fi ìbọ̀wọ́ ṣe é, àwọn kan lò tó ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. A fagi lé gbogbo àmì inú ìwé yẹn, inú bí àwọn àgbà ibẹ̀, ẹnì kan tiẹ̀ ní ṣé wọ́n pè mí wá tú ẹgbẹ́ ká ni. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ ká tún bẹ̀rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo la kọ́kọ́ gbé kalẹ̀: tó o bá ti sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀, ìbọ̀wọ́ ò ní kúrò lọ́wọ́ ẹ títí tiréníìnì á fi parí. Wọ́n ráhùn. Nígbà tó yá, ìka wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mọ bí wọ́n ṣe ń wá bọ́tìnì láì rí i.

Hóòsì la wá kàn. Tẹ́ ẹ bá wo fídíò yẹn dáadáa, kò sẹ́ni tí kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́ta wà nídìí iṣẹ́ kan, iṣẹ́ méjì sì wà tí kò lẹ́ni. A pín in tuntun. Ẹnì kan di ẹnu hóòsì mú, ẹnì kan wà lẹ́yìn ẹ̀ tó ń gbé ìwúwo, ẹnì kan dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kan ń tẹ̀lé hóòsì láti ọkọ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà tó ń tú gbogbo ibi tó bá ká. Ẹni kẹrin yìí ni kò sẹ́ni tó fẹ́ẹ́ ṣe é, torí kì í rí iná. Mo sì sọ fún wọn pé òun gan-an ló ń pa iná náà. Ẹnu hóòsì tó ń da omi tó tó lítà 570 jáde níṣẹ́jú kan, tí agbára ẹ̀ wà ní 100 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe ń tì tó), á máa ti ẹni tó dì í mú sẹ́yìn pẹ̀lú agbára tó tó ìwúwo kìlógíráàmù 34, ẹ ò lè fi apá ẹnì kan gbé ìyẹn kó pẹ́. Ẹni ẹ̀yìn ló ń gbà á sára, kí ẹni iwájú lè máa darí ẹ̀. A jẹ́ kí wọ́n fi eékún ṣe é, kí hóòsì wà nílẹ̀ gbọọrọ lẹ́yìn wọn, kí wọ́n ṣí i kí wọ́n tì í, ṣí i tì í, títí tó fi sú wọn.

Ti ẹni ẹnu ọ̀nà, mo fẹ́ dúró lórí ẹ̀ díẹ̀. Lọ́dún 2012 àwọn panápaná ìlú New York pẹ̀lú àwọn olùṣèwádìí UL (àjọ tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ ààbò) àti NIST (àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwọ̀n àti ìlànà) dáná sí àwọn ilé kan ní Governors Island, erékùṣù kan ní New York, láti fi wò ó, ohun tí wọ́n sì rí ò ṣòro láti lóye: ilé òde òní kún fún ike àti fóòmù, iná inú ẹ̀ máa ń tètè jẹ atẹ́gùn tán, á wá lọ sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti wá ṣílẹ̀kùn láìtíì lómi lọ́wọ́, ẹ ti fún un lóúnjẹ, á gbiná lójijì. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí gbàgà lóru ọjọ́ yẹn, tí wọ́n sì fi ń dúró de omi, òun ló gbé iná dé àjà, kì í ṣe pọ́ǹpù. Iṣẹ́ ẹni ẹnu ọ̀nà ni kó pa ilẹ̀kùn dé títí omi á fi dé ẹnu hóòsì, tí wọ́n á ṣí i wò níta pé ó ń jáde dáadáa, kó tó jẹ́ kí wọ́n wọlé. Òun náà ló ń sọ fún ẹni tó fẹ́ẹ́ wọlé pé ó tó àsìkò láti so máàsìkì mọ́ sílíńdà, kó má máa mí i dànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

Èyí tó gba àkókò jù ni ti òkùnkùn. A bo ojú máàsìkì kó má ríran, a na hóòsì yí inú gáréèjì ọkọ̀ ká, a gbé àga àti táyà dí ọ̀nà, a ní kí wọ́n rá kòrò, kí wọ́n fọwọ́ tọ hóòsì jáde. Nínú wọn ọmọkùnrin kan wà, òun ló lágbára jù ní yáàdì, òun ló máa ń gbé àkàbà ní òun nìkan. Ó rá, ó dé ibi tí hóòsì méjì ti so pọ̀, ó yíwọ́ padà, ó lọ títí ó fi bá ẹnu hóòsì pàdé, ibi tó yẹ kí iná wà. Nígbà tó mọ̀ pé inú ló wà, mímí ẹ̀ yí padà, gbogbo wa ló gbọ́ ọ, fọ̀ọ́ fọ̀ọ́ fọ̀ọ́, ó bá fa máàsìkì ya kúrò lójú.

Àwọn kan fẹ́ẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹni tó bá rẹ́rìn-ín ló kàn. Ó ti mú hẹ́ẹ́mẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ó fẹ́ẹ́ máa lọ sílé, tó bá sì lọ lálẹ́ yẹn kò ní padà wá, mo ti rí i láwọn ibòmíì. Tí kò bá lọ, tí a sì dákẹ́ bí ẹni pé nǹkan ò ṣe, ìyẹn tún burú jù, torí ọjọ́ tó bá wà nínú èéfín gidi, nǹkan kan náà ló máa ṣe. Mo ní kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sí iṣẹ́ kankan, máàsìkì wà lójú, iná yàrá wà ní títàn, kó ṣáà máa mí kó máa ka géèjì ẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn yẹn a bo ojú ẹ̀, ó ṣì jókòó. A kọ́ ọ pé tó bá ń mí èémí jáde kó máa kùn, hùn-ùn-ùn, kó jẹ́ kó gùn, torí ẹni tó bá ń kùn ò ráyè mí gìlà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ó rá níbi tí kò sí ìdíwọ́, lẹ́yìn náà ìdíwọ́, lẹ́yìn náà a fi ariwo pọ́ǹpù kún un. A ò fi nǹkan tuntun kún un àfi tí mímí ẹ̀ bá ti balẹ̀ lórí ti àtẹ̀yìnwá. Kò yá. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní à ń fi àkókò gbogbo wọn ṣòfò lórí ẹnì kan, àmọ́ nígbà tó kan àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀, méjì nínú wọn ní kí wọ́n fún àwọn náà láyè kí wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ná.

Ibi tó ti ṣìnà yẹn náà, a kọ́ ọ. Hóòsì tiwọn jẹ́ èyí tó ní akọ àti abo níbi tí wọ́n ti ń yí i mọ́ra. Abo wà lára hóòsì tó lọ sídìí iná, akọ wà lára èyí tó ti ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù wá. Tọ́wọ́ ẹ bá kan abo kó tó kan akọ, ìta lò ń lọ. Tó bá kan akọ kó tó kan abo, yí padà kíákíá. Gbogbo wọn ló ti gbọ́ èyí rí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ti fi ìbọ̀wọ́ fọwọ́ kàn án ní òkùnkùn láti mọ bí etí akọ ṣe gùn ju ti abo lọ. (Ẹgbẹ́ tó bá ń lo oríṣi Storz kó wá ọgbọ́n míì dá o, ẹnu méjèèjì dọ́gba lára tiyẹn.)

Látorí ọ̀rọ̀ mímí yẹn la ti dé orí sílíńdà. Wọ́n ń pe sílíńdà wọn ní ti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n sì gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Irú sílíńdà yẹn gba nǹkan bíi lítà 1,200, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn sì jẹ́ ti ẹni tó ń mí 40 lítà níṣẹ́jú kan. Ẹni tó ń fa hóòsì tó kún fómi pẹ̀lú aṣọ iná lọ́rùn lè mí ìlọ́po méjì ìyẹn. A ní kí olúkúlùkù ṣiṣẹ́ yípo títí áláàmù á fi dún, a kọ iye ìṣẹ́jú tó lò síwájú orúkọ ẹ̀, kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọgbọ̀n. Alágbára wa yẹn ló kọ́kọ́ parí tiẹ̀, bàbá kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ló gbẹ̀yìn. Látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń fi ẹni tó ń yára mí jù ṣòdiwọ̀n àkókò tí ẹni méjì máa lò nínú ilé. Ìwé àkókò yẹn wúlò ju gbogbo àmì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ.

Ti pọ́ǹpù, ní ṣókí: ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n lò, bàbá tó ti wà níbẹ̀ kí ọ̀pọ̀ wọn tó dé. Lálẹ́ ọjọ́ kan kò lè wá, a sì fẹ́ fa omi látinú odò kékeré kan, pọ́ǹpù dún títí, omi ò wá. Wọ́n ní odò náà ti jìn jù, bẹ́ẹ̀ kò jìn, pọ́ǹpù lè fa omi tó bí mítà méje sókè, èyí ò tó mẹ́ta. Obìnrin tó rí ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ yẹn ló ní géèjì tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ ò sọ̀ kalẹ̀, pé atẹ́gùn ń wọlé níbì kan. Rọ́bà tó wà lẹ́nu páìpù tí wọ́n fi ń fa omi ló ti yẹ̀. Nígbà tí bàbá gbọ́, ó ní, "Ẹ mú un wá, màá kọ́ ọ." Báyìí wọ́n ti di mẹ́ta nídìí pọ́ǹpù.

Iná kejì dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ṣọ́ọ̀bù ìtọ́jú irinṣẹ́ kan ni. Omi dé ẹnu ọ̀nà láì ká, ilẹ̀kùn wà ní pípadé títí omi fi dé, ẹni tó wọlé so sílíńdà lẹ́nu ọ̀nà, ó jáde kí áláàmù tó dún. Wọ́n pa á sínú yàrá tó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta tó dé lẹ́yìn fi mọ́tò ara wọn wá, wọ́n wọlé gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láì sọ fún ẹnikẹ́ni, fún ìṣẹ́jú mélòó kan ọ̀gá wọn ò mọ iye èèyàn tó wà nínú ilé yẹn. Ìyẹn ba èmi lẹ́rù ju òrùlé ti àkọ́kọ́ lọ. A ti kọ́ wọn ní gbogbo nǹkan látìgbà tí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ẹgbẹ́, a ò kọ́ ohun tẹ́ni tó fi mọ́tò ara ẹ̀ wá máa ṣe.

Tẹ́ ẹ bá ní irú ẹgbẹ́ báyìí lọ́wọ́, alẹ́ kan péré lẹ ní lọ́sẹ̀, àwọn kan ò sì ní lè wá ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ẹ má gbé ohun mẹ́wàá lé wọn lọ́wọ́. Mo máa ń mú ohun mẹ́rin: omi dé ẹnu ọ̀nà, máàsìkì lẹ́nu ọ̀nà, jáde nínú òkùnkùn, àti bí ẹ ṣe ń pe ìrànlọ́wọ́ lórí wọ́kítọ́kì tọ́rọ̀ bá bẹ́, kó o sọ ibi tó o wà, orúkọ ẹ, ohun tó ṣẹlẹ̀ àti iye atẹ́gùn tó kù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pààrọ̀ ipò, kí ẹni tó máa ń di ẹnu hóòsì mú lọ tú hóòsì tó ká. Ẹni tó bá ti pẹ́ tí kò wá, kó kọ́kọ́ padà sí ẹni ẹnu ọ̀nà lálẹ́ tó bá dé, kó má tíì wọlé àfi ìgbà tó bá ti tún ti òkùnkùn ṣe. Ti àwọn tó ń fi mọ́tò ara wọn wá, ẹgbẹ́ yẹn ti ṣe káàdì orúkọ, ọwọ́ ẹni tó wà nídìí pọ́ǹpù ni wọ́n ń fi sí, ẹni tí káàdì ẹ̀ ò bá sí níbẹ̀ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan hóòsì. Wọ́n ti ń fi í ṣe tiréníìnì báyìí, ẹnì kan á máa mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ dé ní gbogbo ọ̀sẹ̀.